Líle tí ìtànṣán UV-A ń fi kún kọ́níà: kí ló dé tí iye inú yàrá ìwádìí àti ti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kò fi bára mu?

Àkàndé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́, èmi kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n keratoconus, àìsàn tó ń mú kọ́níà rọ̀ kó sì yọ ṣóńṣó, wà lójú àbúrò mi obìnrin, wọ́n sì ti ṣe cross-linking, ìtọ́jú tó ń mú kọ́níà le, fún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí ìtọ́jú yìí ń ṣe sí kọ́níà, ìyẹn awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú. Ohun tó yé mi ni pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ ha ìpele sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè pátápátá kúrò, wọ́n á wá máa kán riboflavin, tí í ṣe fítámì B2, sójú náà títí yóò fi rin wọnú, kí wọ́n tó tan ìtànṣán UV-A, irú ìtànṣán tí ojú kò lè rí, sí i. Riboflavin á gba agbára ìtànṣán náà, ìsopọ̀ tuntun á wáyé lára àwọn okùn kọ́lájẹ̀nì, ìyẹn púrótéènì tó gbé kọ́níà ró, kọ́níà tó ti ń rọ̀, tó sì ń yọ ṣóńṣó síwájú, á wá le sí i.

Ohun mẹ́ta ni kò tíì yé mi. Èkíní ni ti iye. Ìwádìí tí Wollensak, Spoerl àti Seiler gbé jáde ní 2003 ni gbogbo ìwé ń tọ́ka sí, níbi tí Young's modulus, ìyẹn ìwọ̀n bí ohun kan ṣe le tó bí a bá ń fà á, ti kọ́níà ènìyàn ti di ìlọ́po 4.5 lẹ́yìn ìtọ́jú, tí ti ẹlẹ́dẹ̀ kò sì ju ìlọ́po 1.8 lọ. Bí ohun kan bá le tó ìlọ́po 4.5, tí agbára tó ń tì í kò sì yí padà, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé títẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín kù gan-an; síbẹ̀, àwòrán kọ́níà àbúrò mi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sójú yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀, iye hysteresis tó gbé jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, mo kà pé àwọn kan ń tan ìtànṣán náà fún ìṣẹ́jú 30, àwọn mìíràn fún ìṣẹ́jú 3 péré pẹ̀lú ìtànṣán tó lágbára ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àròpọ̀ agbára méjèèjì dọ́gba. Ṣé líle tí wọ́n ń fúnni náà dọ́gba?

Àṣàkẹ́:

Ẹ kú ìbéèrè, Ẹ̀gbọ́n Àkàndé. Inú yàrá ìwádìí tí a ti ń dán ẹran ara wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ iye yẹn ni n ó mú, kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ilé ìwòsàn mú ìyókù.

Iye náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe ni kò tọ́. Nínú àyẹ̀wò irú èyí, a máa ń gé kọ́níà sí pẹlẹbẹ tóóró, a ó fi ìgbámú di orí rẹ̀ méjèèjì mú, a ó sì máa fà á díẹ̀díẹ̀, tí a ń ka agbára tó ń gbà bó ṣe ń gùn sí i. Ìgbà tí pẹlẹbẹ náà ti fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ ni wọ́n ka líle ti 2003 yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ á tètè rí ìdí tí ibi tí a ti kà á fi ṣe pàtàkì, nítorí ìlà agbára àti fífà ti irin máa ń gún régé níbẹ̀rẹ̀, ti ẹran ara kì í sì í gún rárá. Àwọn okùn kọ́lájẹ̀nì máa ń wé díẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò bá fà wọ́n, ìfà àkọ́kọ́ kàn ń tú wíwé yẹn ni, kọ́níà á sì dà bí ohun tó rọ̀. Ìgbà tí àwọn okùn bá nà tán ni ìlà náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra sókè ṣánṣán. Kò sí Young's modulus kan ṣoṣo tí a lè pè ní ti kọ́níà, àfi èyí tí a kà níbi fífà báyìí tàbí báyìí, ojú alààyè tí ìfúnpá inú rẹ̀ wà níbi tó yẹ kì í sì í fa kọ́níà rẹ̀ dé ibi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún fi kún un pé ohun tó tẹ̀ ni a gé, tí a sì fi tipátipá nà án kó gún, pé a ti gé ọ̀pọ̀ okùn já ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti pé kọ́níà tó ti kúrò lára ènìyàn máa ń mu omi, ó sì máa ń wú. Àfiwé tí wọ́n ṣe láàárín pẹlẹbẹ tó gba ìtọ́jú àti èyí tí kò gbà á dúró ṣinṣin. Gbígbé ìlọ́po 4.5 yẹn lọ sójú alààyè bí ẹni pé ó jẹ́ iye tí kì í yí padà ni èmi kò fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú ìbéèrè yín, nítorí òun ló tú àṣírí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Nípọn kọ́níà ènìyàn ní àárín jẹ́ nǹkan bíi 540 máíkírónì (1,000 máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan), ti ẹlẹ́dẹ̀ sì nípọn jù ú lọ dáadáa. Riboflavin tó wà nínú kọ́níà ló ń gba ìtànṣán náà bó ṣe ń wọlé lọ, iwájú ń jẹ tirẹ̀ ní àjẹyó, ohun tó kù fún ẹ̀yìn sì ń dín kù kíákíá, débi pé nǹkan bíi 300 máíkírónì àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹ dáadáa. Bí a bá wá fa odindi pẹlẹbẹ, ìdá tó pọ̀ nínú ti ènìyàn ni ìtọ́jú ti kàn, ìdá tó kéré ni nínú ti ẹlẹ́dẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlọ́po méjèèjì fi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Kohlhaas àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn kedere ní 2006: wọ́n ya 200 máíkírónì iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára 200 tó tẹ̀ lé e, wọ́n fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti iwájú le sí i gan-an, ti ẹ̀yìn kò sì yàtọ̀ sí èyí tí kò gba ìtọ́jú rárá.

Bẹ́ẹ̀, iwájú yẹn ló ti le jù tẹ́lẹ̀ nínú kọ́níà tí kò ní àrùn. Àwọn ìpele kọ́lájẹ̀nì tó wà níwájú máa ń gba abẹ́ ara wọn kọjá bí ìgbà tí a hun ẹní, àwọn tó wà lẹ́yìn sì kàn tò lérí ara wọn ni, wọ́n sì lè yọ̀ lórí ara wọn. Nínú keratoconus, híhun iwájú yìí ló ń bàjẹ́. Ìtọ́jú náà kì í tún un hun. Àlàfo tó wà láàárín okùn kọ́lájẹ̀nì kan àti èkejì, tó tó ìwọ̀n okùn kan gan-an, fẹ̀ ju ohun tí ìsopọ̀ kẹ́míkà kan lè nà dé lọ. Nítorí náà, àwòrán tí ọ̀pọ̀ ìwé ń yà, níbi tí afárá kéékèèké ti so okùn mọ́ okùn, kò lè jẹ́ òótọ́. Ohun tí ẹ̀rí X-ray àti ti kẹ́míkà ń tọ́ka sí ni pé inú okùn kọ̀ọ̀kan àti ojú rẹ̀ ni ìsopọ̀ náà ti ń wáyé, àti láàárín àwọn púrótéènì kéékèèké tó yí wọn ká, èyí tó ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di ara wọn mú, tó sì ń mú kí ó ṣòro fún ẹ́ńsáìmù láti jẹ kọ́lájẹ̀nì. Èmi a máa rò pé àìjẹrà yìí lè ṣe pàtàkì fún aláìsàn bí líle fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọn kì í fi polówó ìtọ́jú.

Àlàmú:

Ẹ ṣeun, Àṣàkẹ́. N ó mú ìbéèrè kejì, nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń lò lójoojúmọ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ àbúrò yín wò kì í ka líle. Ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọ́níà fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ́níà á tẹ̀ wọlé títí yóò fi di pẹrẹsẹ, á wọnú kọjá ibẹ̀, á sì tún padà jáde gba ipò pẹrẹsẹ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ìfúnpá tó wà nígbà tó ń wọlé àti èyí tó wà nígbà tó ń jáde kì í dọ́gba, ìyàtọ̀ wọn sì ni hysteresis. Agbára tó ṣòfò nínú ẹran ara lójú ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ ni iye yẹn ń sọ, kì í ṣe bí ẹran ara náà ṣe le tó. Kọ́níà tó le tó sì ń fi agbára ṣòfò díẹ̀, àti kọ́níà tó rọ̀ tó sì ń fi agbára ṣòfò bákan náà, lè mú iye kan ṣoṣo jáde. Nínú keratoconus, iye náà sábà máa ń kéré. Lẹ́yìn cross-linking, ọ̀pọ̀ ìwádìí ni kò rí i pé ó yí padà, èyí kò sì túmọ̀ sí pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé gbogbo ẹyinjú ló ń dáhùn sí atẹ́gùn yẹn, tòun ti ìfúnpá inú rẹ̀ àti nípọn kọ́níà, kọ́níà sì sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú. Líle ń fà á sókè, fífẹ́lẹ́ ń fà á wálẹ̀.

Corvis ST, ẹ̀rọ mìíràn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sójú, sàn díẹ̀ ní ti èyí, nítorí kámẹ́rà rẹ̀ ń ya àwòrán tó lé ní 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì lè wo bí kọ́níà ṣe ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a sì ṣírò líle láti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà, gbogbo kọ́níà lápapọ̀ ló ń kà. Níwọ̀n bí keratoconus ti jẹ́ àìsàn ibi kan pàtó nínú kọ́níà, tí ibi tó yọ ṣóńṣó rọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹ̀rọ Brillouin ni mo gbà pé ó bá a mu jù. Giuliano Scarcelli àti Seok-Hyun Yun ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ojú. Kò sí ohun tó ń fọwọ́ kan ojú rárá: ìmọ́lẹ̀ tó wọ kọ́níà ń pàdé ìgbì ohùn tó wà nínú ẹran ara nígbà gbogbo, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó padà jáde á yí díẹ̀ gan-an, bí ó sì ṣe yí tó ni a fi ń mọ bí ibẹ̀ ṣe le tó, ibi kan lẹ́yìn ibi kan, jíjìn kan lẹ́yìn jíjìn kan. Ẹ má ṣe fi iye rẹ̀ wé ti Àṣàkẹ́ o, nítorí gígápásíkà, ìwọ̀n tó tóbi gan-an, ni Brillouin ń sọ, ohun tó sì ń kà ni bí ẹran ara ṣe ń kọ fífún pọ̀ ní ìwọ̀n ìgbì tó yára gan-an, omi inú kọ́níà sì máa ń dá sí i. Ìyàtọ̀ láàárín ibi kan àti ibi kejì nínú ojú kan náà ló wúlò níbẹ̀.

Ní ti àwòrán tí kò yàtọ̀, èyí gan-an ni ohun tí a ń fẹ́. Kọ́níà tó ti yọ síwájú ti yọ. Ìtọ́jú náà ń dì í mú síbi tó bá a. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, èyí tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ìtọ́jú níbẹ̀, gbé ìfọwọ́sí rẹ̀ kà ní 2016, ibi tó tẹ̀ jù lórí kọ́níà lọ sílẹ̀ ní díọ́pítà (ìwọ̀n agbára tí kọ́níà fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀) 1.6 lẹ́yìn ọdún kan lójú àwọn tó gba ìtọ́jú, ó sì gòkè sí i ní díọ́pítà 1.0 lójú àwọn tí kò gbà á. Ẹ̀gbọ́n, àlàfo díọ́pítà 2.6 yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n, ẹ má fi ohun tí ojú lè rí lórí àwòrán kan ṣoṣo ṣe é.

Àbẹ̀ní:

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni pé rárá, kò dọ́gba, ọ́síjìn ló sì fà á.

Ìlànà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Dresden ní ilẹ̀ Jámánì jẹ́ mílíwáàtì 3 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan fún ìṣẹ́jú 30, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ júùlù 5.4. Mílíwáàtì 9 fún ìṣẹ́jú 10 àti mílíwáàtì 30 fún ìṣẹ́jú 3 á mú àròpọ̀ yẹn náà wá. Òfin tó sọ pé àròpọ̀ agbára nìkan ló kàn wà lóòótọ́ nínú kẹ́míkà ìmọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ́ òtítọ́ níbi tí ohunkóhun mìíràn kò bá ti tán. Nínú kọ́níà, ohun kan máa ń tán. Riboflavin tó ti gba ìtànṣán nílò ọ́síjìn kí ó tó lè dá ìsopọ̀ tó pọ̀ sílẹ̀, láti inú afẹ́fẹ́ tó wà níwájú ojú sì ni ọ́síjìn yẹn ti ń wọlé. Nígbà tí a bá tan iná, láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni ọ́síjìn inú kọ́níà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó bá ń rọra wọlé láti òkè ni iṣẹ́ á máa fi ṣe lẹ́yìn náà. Bí ìtànṣán bá lágbára jù, ó ń lò ó kọjá bó ṣe ń wọlé, jíjìn tí ọ́síjìn lè dé á dín kù, ọ̀pọ̀ nínú agbára tí a ń dà sí i á sì lọ láìso ohunkóhun pọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣe ìtọ́jú yìí fún kọ́níà ẹlẹ́dẹ̀ níbi tí kò sí ọ́síjìn tó, kò le sí i. Nígbà tí wọ́n sì fi ìtànṣán alágbára oríṣiríṣi dán an wò pẹ̀lú àròpọ̀ kan náà, bí àkókò ṣe ń kúrú ni líle ń dín kù.

Ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá sí i ni pé kí iná máa tàn kó máa kú, kí ọ́síjìn lè ráyè padà wọlé láàárín, tàbí kí a fẹ́ ọ́síjìn gidi síwájú ojú nígbà ìtọ́jú. Ohun kan náà ló ń dààmú ìlànà tí wọn kò ti ha sẹ́ẹ̀lì òkè kúrò. Aláìsàn máa ń fẹ́ràn èyí nítorí pé ìrora rẹ̀ kò pọ̀, ewu kí kòkòrò àrùn wọlé sì kéré, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn kì í jẹ́ kí riboflavin wọlé bó ṣe yẹ, wọ́n ń gba lára ìtànṣán, àwọn fúnra wọn sì tún ń mí nínú ọ́síjìn kékeré tó wà. Ìdènà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá rò pé kí a kàn fi àkókò kún un títí líle yóò fi dé ẹ̀yìn, kó rántí ìpele sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn pátápátá kọ́níà. Àwọn ló ń fa omi kúrò nínú kọ́níà kí ó lè máa mọ́ gaara, bí wọ́n bá sì kú, ara kì í fi òmíràn rọ́pò wọn. Ìdí nìyí tí ìlànà àkọ́kọ́ fi béèrè pé kí nípọn kọ́níà má ṣe kéré sí 400 máíkírónì lẹ́yìn tí a bá ha òkè rẹ̀ kúrò. Fún kọ́níà tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè fi riboflavin oní-omi púpọ̀ mú un wú ṣáájú, tàbí kí wọ́n dín àkókò ìtànṣán kù gẹ́gẹ́ bí nípọn rẹ̀ ṣe rí, èyí tí èmi fara mọ́ jù, nítorí kọ́níà tó ti wú ti fi àyè sí àárín kọ́lájẹ̀nì rẹ̀ kí ìsopọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Àkàndé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yẹn ló là mí lójú jù, kò sí nínú ohun tí mo ti kà. Ẹ jọ̀wọ́, ó ku ohun kan: ṣé líle náà máa ń wà pẹ́? Ṣé kò sì léwu pé apá kan kọ́níà le, tí apá kan rọ̀?

Àṣàkẹ́:

Ó máa ń pẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú kọ́níà tó wà níbi tí ìtànṣán dé máa ń kú nígbà ìtọ́jú, àwọn mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn á sì padà kún ibẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kọ́lájẹ̀nì kì í yára pààrọ̀ ara rẹ̀ rárá. Wollensak àti Iomdina fa kọ́níà ehoro lóṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìtọ́jú, líle náà ṣì wà níbẹ̀. Lójú ènìyàn, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá láti Dresden fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún burú sí i. Ọjọ́ orí náà ń ran kọ́níà lọ́wọ́, nítorí ṣúgà inú ara máa ń so kọ́lájẹ̀nì pọ̀ fúnra rẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ọ̀dọ́langba ni àìsàn yìí máa ń yára dà láàmú, lójú wọn sì ni ó ti lè tún gbéra lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ní ti apá kan tó le tí apá kan rọ̀, òdìkejì ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ni. Inú keratoconus gan-an ni àìdọ́gba wà: ibi tó rọ̀ ń nà, nínà ń mú un fẹ́lẹ́, fífẹ́lẹ́ ń jẹ́ kí agbára ìfúnpá inú ojú kó jọ síbẹ̀, ó sì tún ń nà sí i. Bí a bá mú ibẹ̀ le, a dá àyípo yẹn dúró. Àwọn àwòṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ́níà aláìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe tilẹ̀ fi hàn pé bí a bá dojú ìtànṣán kọ ibi tó yọ ṣóńṣó náà ní pàtó, pẹ̀lú àyíká tó kéré, ó lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ju bí a bá tan án yíká àárín kọ́níà lọ.

Àbẹ̀ní:

Kí àbúrò yín má fi ọwọ́ ra ojú o, ìyẹn ṣì kan ojú tó ti gba ìtọ́jú. Ibikíbi tí wọ́n bá sì ti fẹ́ wọn ìfúnpá inú ojú rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, kó sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣe cross-linking fún òun, nítorí ẹ̀rọ tó ń tẹ kọ́níà kó tó ka ìfúnpá lè ka líle kọ́níà mọ́ ọn, kí iye rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju bó ṣe rí gan-an lọ.